Pláànù Inú Ewé

Aago mẹ́rin ìdájí ni iná máa ń jó lábẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ ìyá mi. Nígbà náà, àgbàdo ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú omi, ó ti ti ẹ̀rọ dé, wọ́n ti fi aṣọ sẹ́ ẹ, ògì ti tòrò sísàlẹ̀ ike, omidùn ló kù lókè. Ìyá mi á bu ògì sínú omi tó ń hó, ọmọrógùn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi ni iṣẹ́ ewé kàn. Mo máa ń nu ewé eéran lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa ń tò ó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kì í wo ewé náà tó fi ń ká a bí àrọ, tó ń bu ẹ̀kọ kún un, tó ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, tó sì ń tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀. Igbákọ kan náà ló fi ń bù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, nítorí náà ẹ̀kọ kan kì í tóbi ju èkejì lọ. Kí àwọn ará àdúgbò tó jí tán, gbogbo rẹ̀ ti dì.

Oríṣi oníbàárà méjì ló máa ń wá. Àwọn kan fẹ́ ẹ̀kọ inú ewé, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n fi àkàrà sin ín, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Àwọn kan fẹ́ ògì tútù, pàápàá àwọn abiyamọ tó fẹ́ pò ó kó ṣàn fún ọmọ. Ẹni tó ń lọ sóko kì í ra ògì, abiyamọ kì í sì í bèèrè ẹ̀kọ tó ti dì. Bí ìyá mi bá rí ojú tuntun, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi í: "Ṣé ẹ máa jẹ ẹ́ ni, àbí ẹ máa lọ sè é?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń jẹun lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ta ẹ̀kọ rí láyé mi.

Pláànù ilé ni mò ń yà, nílùú Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà ni mo sì fi ń yà á. CAD ni àwa oníṣẹ́ ń pe irú yíyà bẹ́ẹ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ tàn jù nínú àwọn ètò tí a fi ń ṣe é ni AutoCAD, tí ilé-iṣẹ́ Autodesk gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 1982. Fáìlì tó ń tọ́jú iṣẹ́ sí ni wọ́n ń pè ní DWG. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwòrán ló wà nínú rẹ̀, bíi fọ́tò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀: ìlà yìí bẹ̀rẹ̀ níbí, ó parí síbẹ̀, òbìrí yìí, àárín rẹ̀ nìyí, bó ṣe fẹ̀ tó nìyí. Bí ògiri kan yóò bá gùn ní mítà 3.6 lórí ilẹ̀, mítà 3.6 náà ló gùn nínú fáìlì. Kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ bébà níbẹ̀ rárá. Ilé náà kàn wà nínú òfuurufú, ní títóbi rẹ̀ gan-an, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè fà á gùn, kó gé e kúrú, kó gbé fèrèsé láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Ògì nìyẹn. Ohun gbogbo ṣì lè jáde nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n bá òun ya ilé sórí ilẹ̀ kan tí òun rà lọ́nà Àkànrán, mítà 18 ní ìbú, mítà 36 ní òòró. Mo yà á tán, mo sáré fi DWG ránṣẹ́, torí inú mi dùn. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Àbúrò, kí lo fi ránṣẹ́ sí mi yìí? Fóònù mi ní òun ò mọ̀ ọ́n." Mo ní kó wá nǹkan tó lè ṣí i. Ó wá a, ó ṣí i, ó tún pè mí padà pé òwú aláǹtakùn lórí aṣọ dúdú lòun rí, pé ṣé inú ẹ̀ ni òun máa gbé. N kò lè bá a jiyàn. Mo ti gbé ògì fún ẹni tí ebi ń pa, tí kò sì ní iná.

Ewé tí a ń pọ́n irú nǹkan báyìí sí lónìí ni PDF. Ọ̀gbẹ́ni John Warnock, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ilé-iṣẹ́ Adobe sílẹ̀, ló kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1991, tó sì pè é ní Camelot. Ohun tó ń dùn ún kò ju pé kò sí ọ̀nà tí ìwé tí a ṣe lórí ẹ̀rọ kan fi lè dé orí ẹ̀rọ mìíràn kó sì rí bákan náà. Ní 1993, PDF jáde. Ní 2008, ó kúrò lọ́wọ́ Adobe nìkan, ó di ìlànà àgbáyé tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ẹ̀rọ tó ń kà á. Ìdí nìyẹn tí fóònù ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣí i láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nígbà tí DWG ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ín.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ewé mìíràn ni wọ́n ń lò. Ní ọdún 1842, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Herschel, rí i pé bí a bá fi àwọn oògùn kan tí irin wà nínú wọn pa bébà, tí a sá a sóòrùn, tí a wá fi omi ṣàn án, ibi tí oòrùn bá kàn máa di búlúù. Àwọn ayàwòrán ilé gba ìmọ̀ náà lò: wọ́n á tẹ́ bébà tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá, èyí tí wọ́n fi tádàwà yàwòrán sí, lé e lórí, ibi tí ìlà bá wà, oòrùn ò ní dé ibẹ̀, ibẹ̀ á wà ní funfun. Èmi kì í rí irú pláànù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kí n má rántí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá dí lára aṣọ, aró kì í wọ ibẹ̀. Ìlà funfun lórí búlúù ni méjèèjì. Bí ìyá mi ṣe ní ẹ̀kọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláró Abẹ́òkúta ní tiwọn, àwa ayàwòrán sì ń lo tiwa láìmọ orúkọ rẹ̀.

Àmọ́ ṣá, kí n padà sórí ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń rò pé láti sọ DWG di PDF, èèyàn á kàn tẹ bọ́tìnì kan ni. Lóòótọ́, bọ́tìnì kan ni. Ìyá mi náà, ọwọ́ kan ló fi ń ká ewé. Ṣùgbọ́n kí ó tó ká a, ó ti mọ bí ẹ̀kọ náà ṣe máa tóbi tó, bí yóò ṣe ki tó, àti ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni ojú ewé fúnra rẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu pé orúkọ yẹn ni Yorùbá sọ ọ́. Láti ọdún 1990 ni AutoCAD ti ní yàrá méjì: ọ̀kan tí ilé wà ní títóbi rẹ̀ gan-an, èkejì tó jẹ́ bébà. Orí bébà yìí ni a ti ń gé fèrèsé kan, tí a ó máa gba ojú rẹ̀ wo ilé tó wà ní yàrá àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni sìkéèlì ti ń wọlé. Bí a bá ní 1:100, ó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà dúró fún mítà kan lórí ilẹ̀. Bébà náà ní ìdílé: A0 fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó bí a bá ro gbogbo ojú rẹ̀ pọ̀, bí a bá ṣẹ́ ẹ sí méjì ó di A1, bí a bá tún ṣẹ́ ẹ ó di A2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé A4 tí a fi ń kọ lẹ́tà. Ìrísí wọn kì í yí padà. Ohun tó wà lórí A1, bí a bá fún un sórí A3, gbogbo ìlà rẹ̀ á di ìdajì gẹ́lẹ́, 1:100 á di 1:200. Ó dùn ún sọ. Kò dùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́ fún ẹni tó mú rúlà dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi, nítorí ẹ̀bi mi ni. Pláànù bí ilé ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa jókòó sórí ilẹ̀, A3 ni mo ṣe é sí, ní 1:100. Mo kọ ìwọ̀n ìbú ilé, mo kọ òòró rẹ̀, mo kọ àyè tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àyè tó wà láàárín ògiri ọ̀nà àti iwájú ilé, mítà 12, n kò kọ ọ́. Ó hàn lójú mi nínú kọ̀ǹpútà, mo wá gbà pé ó hàn sí gbogbo ayé. Mo fi PDF ránṣẹ́, wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí sáìtì. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi í sílẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe bá a, pé kó fún àwòrán náà kó lè wọ inú ibi tí yíǹkì lè dé lórí bébà. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló fi dínkù. Ojú lásán kò lè rí i.

Bàbá fọ́máànù rí àyè tí nọ́ńbà kò sí, ó fa sìkéèlì rúlà yọ, ó gbé e lé e: mílímítà 115 àti díẹ̀. Ó ní mítà mọ́kànlá ààbọ̀ nìyẹn. Ó na okùn, ó ní kí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé sáìtì lọ́jọ́ kẹta, ìpìlẹ̀ ti jìn dé orúnkún, ilé sì ti sún mọ́ ọ̀nà ní ìdajì mítà.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí bébà?"

"Ẹnjiníà, ẹ má bínú." Gbogbo ẹni tó bá gbé bébà wá sí sáìtì ni ẹnjiníà lójú wọn, mo ti jáwọ́ nínú títún un ṣe. "Ibo lẹ kọ ọ́ sí, kí n kà á?"

Mo wo bébà náà títí. Mo ti kọ ọ́ sísàlẹ̀, lọ́nà tí eèrà lè kà, pé kí ẹnikẹ́ni má fi rúlà wọn pláànù yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò fún ní nọ́ńbà, tí a tún ní kó má wọn ọ́n, kí la fẹ́ kó ṣe? Mo sanwó ọjọ́ méjì fún àwọn tó gbẹ́ ẹ, mo tún sanwó fún wọn láti dí i padà. Láti ọjọ́ náà, kò sí PDF tó ń jáde lọ́wọ́ mi tí kì í ní ìlà kékeré kan ní igun òsì ìsàlẹ̀, tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Mílímítà 100. Ẹ wọ̀n mí kí ẹ tó gbà mí gbọ́." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín.

Àwọ̀ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba àlàyé púpọ̀. Ojú dúdú ni a máa ń yàwòrán lé nínú kọ̀ǹpútà, a sì ń fi àwọ̀ ya ìlà sọ́tọ̀: ògiri lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, iná lọ́tọ̀. Àwọ̀ yẹ́lò máa ń tàn lórí dúdú bí òṣùmàrè. Ẹ gbé e sórí bébà funfun bó ṣe wà, ó ti pòórá. Nítorí náà ni a fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú, kó sì jẹ́ pé nínípọn ìlà ni èèyàn yóò fi mọ ògiri yàtọ̀ sí àga.

Èyí tó gba òru mi ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ìyá ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ìbàdàn níbí, òun ló sì máa ń lọ wo sáìtì. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka Bíbélì Yorùbá láàárọ̀ láalẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn yàrá ní Yorùbá, kí Màmá lè fi ìka tọ́ ọ. Mo kọ ọ́: ilé ìdáná, yàrá àlejò, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú PDF tó jáde, ilé ìdáná ṣì dà bí ara rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di àmì ìbéèrè ní tòtẹ̀lé, lẹ́tà d méjì ló kù tó ń mí láàárín wọn. Fọ́ǹtì àtijọ́ tí AutoCAD ń lò, àwọn tí orúkọ fáìlì wọn parí sí SHX, ìlà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fa lẹ́tà, bí ìgbà tí kálàmù ẹ̀rọ ń rìn lórí bébà. Ẹni tó ṣe wọ́n kò ronú kan ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀. Mo pààrọ̀ fọ́ǹtì sí irú TrueType tó mọ èdè wa, gbogbo rẹ̀ bọ̀ sípò. Èrè mìíràn tún wà ńbẹ̀: lẹ́tà gidi ni PDF rí báyìí, kì í ṣe ìlà mọ́, èèyàn lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Màmá fi ìka tọ́ ọ lóòótọ́. Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kéré.

Ẹnjiníà gidi tó máa ṣírò òpó àti irin, Èkó ló wà. Mo pè é, mo sì bi í ní ìbéèrè ìyá mi: "Ọ̀gá, ṣé ẹ máa wò ó ni, àbí ẹ máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?" Ó ní òun máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ògì tọ́ sí i nìyẹn, mo fi DWG ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé ọ̀gá tó wọn ilẹ̀, tó jẹ́ fáìlì mìíràn tí pláànù mi kàn ń tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé èyí. Fáìlì tó ń tọ́ka sí òmíràn kò gbé e sínú. Bí a bá fi ọ̀kan ránṣẹ́ láìfi èkejì sí i, ẹni tó gbà á á rí orúkọ fáìlì níbi tí ilẹ̀ yẹ kó wà. Ẹ̀kọ láìsí àkàrà. Mo sì tún fi PDF ohun kan náà kún un, mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé bí méjèèjì bá ta ko ara wọn, PDF ni kí a gbà. DWG lè dé orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn kí lẹ́tà rẹ̀ sún, kí fọ́ǹtì rẹ̀ yí padà, láìsí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Ohun tó ti dì sínú ewé ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Àwọn kan ń gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn wá. Ẹni tó gba iṣẹ́ irin fèrèsé ní PDF lọ́wọ́, ó fẹ́ sọ ọ́ di DWG padà, kó má baà bèèrè lọ́wọ́ mi. Ètò tó ń ṣe é wà. AutoCAD ti ní i nínú láti ẹ̀dà 2017. Mo wo ohun tó jáde. Ilẹ̀kùn tó jẹ́ odidi ohun kan ti fọ́ sí ìlà mẹ́rìnlá. Èyí tó léwu jù ni àwọn nọ́ńbà. Nínú DWG mi, ìwọ̀n 1,200 tó wà lórí fèrèsé ń wọn fèrèsé náà ni; bí fèrèsé bá fẹ̀ sí i, nọ́ńbà á yí padà fúnra rẹ̀. Nínú tirẹ̀, 1,200 ti di ọ̀rọ̀ lásán. Ó fa fèrèsé di 1,500, nọ́ńbà ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń pe ara rẹ̀ ní 1,200. A lè po ẹ̀kọ nínú omi gbígbóná, ká fi ṣúgà sí i, ká mu ún. Kò tún lè di ògì mọ́.

Orúkọ fáìlì ni mo fi gbàwìn ọgbọ́n lọ́wọ́ àwọn ará Bírítéènì. Tẹ́lẹ̀, èmi náà ń sọ wọ́n ní "Final", "Final 2", "Final tòótọ́". Ìlànà ISO 19650, tó jáde ní 2018, àti bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́hùn-ún, ló kọ́ mi láti ya ohun tí mo ṣì ń ṣe lọ́wọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo ti pín fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kí n sì tún ya ìyẹn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n lè fi kọ́lé. P01, P02, P03 ni nígbà tí a ṣì ń jiyàn. Ó di C01 nígbà tí àríyànjiyàn parí. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ní kí n má fi ìyẹn da òun lórí rú. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pẹ̀lú fọ́tò ojú fóònù rẹ̀ tó ti gé, òbìrí pupa kan lórí fèrèsé kan: "Àbúrò, gbé èyí kúrò." Fèrèsé mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ilé yẹn. Mo gbé èyí tí mo rò kúrò. Kì í ṣe òun.

A jọ gbà lẹ́yìn náà pé inú PDF gan-an ni yóò máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, kí àmì rẹ̀ lè wà lójú ewé tó ń sọ, lábẹ́ nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Ẹnjiníà Èkó náà ń kọ tirẹ̀ síbẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ní P04, ojú ewé kan ṣoṣo ni èmi, Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó ti ń bá ara wa wí, ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí òpó kan kúrò láàárín pálọ̀, ẹnjiníà kọ ọ́ sí ìdáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá kúrò, òkè máa bá yín jẹun nísàlẹ̀." Ó kọ ọ́ gẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà. Òpó dúró.

C01 jáde lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ojú ewé méjìlá nínú fáìlì kan. Mo gbé e lọ sáìtì fúnra mi, ní A3, àti nínú fóònù bàbá fọ́máànù pẹ̀lú. Ó tẹ́ ẹ sórí àpò sìmẹ́ńtì, ó fi òkúta kékeré tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò wo ilé. Ó wá igun òsì ìsàlẹ̀, ó fa téèpù yọ lápò, ó gbé e lé ìlà kékeré náà, ó sún ojú mọ́ ọn.

"Ẹnjiníà, ó pé."

Ó yí padà, ó pe àwọn onírin.